Ríbọ́nù tí Àbúrò So Mọ́ Ẹ̀gbọ́n Lọ́rùn

Sátidé kejì nínú oṣù kẹrin ni, ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sì ti kọjá díẹ̀. Àkókò náà dá mi lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago ara sítóòfù ilé wa ní Fondren, ní ìlú Houston, kò sọ òótọ́ rí. Dádì ti mọ̀ọ́mọ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá kún un kí a má baà máa pẹ́ dé ibi tí a bá ń lọ. Gbogbo wa sì mọ̀ pé ó fi kún un, nítorí náà ńṣe ni a kọ́kọ́ máa ń yọ ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá náà kúrò, kí a tó wá pẹ́ bí a ṣe máa ń pẹ́. Àwa márùn-ún ni a wà nílé. Mọ́mì wà nídìí iná, ó ń dín dòdò. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Dádì, tó ti wà lọ́dọ̀ wa láti inú oṣù kìíní, jókòó sórí àga onítìmùtìmù tí ó ti gbà mọ́ Dádì lọ́wọ́ láti ọjọ́ tó ti dé. Ọ́ńkù Délé, àbúrò Dádì, dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú kóòtù àti táì, ó di ìwé ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ lọ sọ mú bí ẹni di ẹyin mú. Dádì fúnra rẹ̀ wọ ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń ka ìwé ìròyìn tí ó ti kà tán lánàá. Èmi ni ẹni karùn-ún, èmi náà ni mo sì dá gbogbo ọ̀ràn náà sílẹ̀. Ìpàdé ọdọọdún àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde kọ́lẹ́jì tí Dádì àti Ọ́ńkù Délé jọ lọ ló bọ́ sí ọjọ́ náà, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ: ṣé Dádì yóò lọ ni, àbí kò ní lọ?

Ìsàlẹ̀ ni ilé wa wà, nínú àwọn apátímẹ́ǹtì aláwọ̀ iyanrìn tó yí ibi ìgbọ́kọ̀sí kan ká. Bí mo bá di ojú mi nísinsìnyí, etí ni mo fi ń rí ilé náà: géètì onírin tí ń ké kí ó tó ṣí, ẹ̀rọ amúlétutù tí ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tí ń gbé lórí wa, tí wọn kì í rìn bí kò ṣe pé kí wọ́n sáré, àti agogo èéfín inú kọ́rídọ̀ tí ń pariwo ní gbogbo ìgbà tí Mọ́mì bá ń dín ata. Iṣẹ́ tèmi ni láti mú táwẹ́ẹ̀lì kí n máa fẹ́ ẹ títí tí yóò fi dákẹ́. Ìyá Àgbà kò gbà láéláé pé èéfín ni agogo náà ń bá wí. Lójú tirẹ̀, ìkéde ni pé oúnjẹ ti jinná, bó bá sì ti dún báyìí, yóò dìde lọ fọ ọwọ́. Kò fọkàn tán ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ wa. Ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ tó gbé wá láti Òkèmẹ̀sí ló fi ń gbá kápẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, èmi a wá tan ẹ̀rọ tẹ̀lé e, òun náà a tún gbá ibi tí mo ti fi ẹ̀rọ gbá, a ní, “Ariwo kì í gbálẹ̀.” Nínú ilé yìí, ohun gbogbo ló ní àgbà tirẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ wẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ bu ẹran, ẹni tó jókòó síwájú nínú ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà létò bí ọjọ́ orí ṣe tẹ̀léra. Ọ́ńkù Délé ti sún mọ́ ogójì ọdún nígbà náà, ó ní ọ́fíìsì tirẹ̀ níbi tí ó ti ń ta ìwé adójútòfò, ilé rẹ̀ ní Rosenberg tóbi tó ìlọ́po mẹ́rin tiwa. Síbẹ̀, kò lè wọlé láìkọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà, ìyá rẹ̀ a sì tẹ́tí láti inú ilé kí ó lè gbọ́ bí àyà rẹ̀ bá kan ilẹ̀ lóòótọ́. “Bùọ̀dá mi” ló máa ń pe Dádì, orúkọ kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Mọ́mì pẹ̀lú kì í pe Ọ́ńkù Délé lórúkọ, nítorí pé ó bá a nínú ìdílé ni; “Akọ̀wé” ni orúkọ tó fún un.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé kọ́lẹ́jì náà, nítorí pé Ìyá Àgbà kò gbà á gbọ́ títí ó fi padà sílé. Kọ́lẹ́jì kékeré ni, ọ̀kan nínú àwọn tí kì í kọ́ni níṣẹ́ kan pàtó, tí ó jẹ́ pé ìtàn, orin, èdè àti ìmọ̀ èrò ni wọ́n ń kọ́, pẹ̀lú ìrètí pé ẹni tó bá lè ronú yóò rí nǹkan ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ tí Ìyá Àgbà dé, ó bi Dádì pé kí ni ó kọ́ níbẹ̀ gan-an.

“Ìmọ̀ èrò ni, Màmá.”

“Èrò? Ṣé o ò ní èrò kankan kúrò nílé ni?”

“Èrò àwọn ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ ni, Màmá.”

“Délé ńkọ́?”

“Ìtàn orin.”

Ìyá Àgbà wo mí, bí ẹni tí ń wá ẹlẹ́rìí. “Ọ̀kan lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ronú, èkejì lọ kọ́ ìtàn orin. Ṣé ẹ rí i pé ẹ̀yin méjèèjì jẹ́ ọmọ bàbá yín.” Àwọn méjèèjì kò sì jẹun nídìí ohun tí wọ́n kọ́. Ilé ìwòsàn ni Dádì ń ṣiṣẹ́, nídìí ẹ̀rọ tí ń ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́ láti mí. Ṣùgbọ́n bí o bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kọ́lẹ́jì náà, ìwọ yóò rò pé ìlú abínibí wọn ni. Dádì ló kọ́kọ́ dé Houston. Ó fi ọdún mélòó kan ṣọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí kí Délé lè lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tí Délé ti wọ ọdún kẹta níbẹ̀ ni òun náà tó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ní ilé di àbúrò ní ilé-ìwé. Ní ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, sẹ́ẹ̀tì tó bá pẹ́ jù ló ń ṣáájú nínú ìtò, kálukú nínú gáùn, lẹ́yìn àsíá sẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Sẹ́ẹ̀tì Ọ́ńkù Délé fi ọdún méjì ṣáájú ti Dádì. Ọ́ńkù Délé kì í pa ìpàdé náà jẹ. Dádì kò lọ rí. Gbogbo wa gbà pé ìtò yìí ni kò jẹ́ kí ó máa lọ, kò sì sẹ́ni tó bi í.

Ọjọ́rú kan, ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú Sátidé tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ni Ìyá Àgbà rán mi lọ sínú yàrá Dádì kí n wá rọ́bà omi gbígbóná tí ó fi ń jó orúnkún rẹ̀. N kò rí rọ́bà. Ìwé gbàǹgbà kan ni mo rí lábẹ́ àwọn àpótí, tí a fi aṣọ ìrọ̀rí wé bí ọmọ tuntun. Ìwé àwòrán kọ́lẹ́jì náà ni. Mo gbé e wá síbi tí Ìyá Àgbà ti ń ṣa ẹ̀wà, mo jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ń ṣí i.

“Ìyá Àgbà, ẹ wo Dádì! Dádì nírun lórí!”

Ó gba ìwé náà, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. “Ta nìyí tó kúnlẹ̀?”

“Dádì ni, mà.”

“Ta ló dúró níwájú rẹ̀?”

“Ọ́ńkù Délé ni. Ó ń so ríbọ́nù mọ́ Dádì lọ́rùn.” Mo ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà fún un: pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé, olúkúlùkù wọn a kúnlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ńlá, akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan a sì so ríbọ́nù aláwọ̀ ewé mọ́ ọn lọ́rùn, láti fi hàn pé òun ni yóò máa tọ́jú rẹ̀.

Ìyá Àgbà ní kí n ṣí ojú ewé náà kọjá, kí n tún ṣí i padà. “Ó ṣì wà níbẹ̀?”

“Ó ṣì wà níbẹ̀, mà.”

Ó da ẹ̀wà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ padà sínú àwo, èyí tó ti ṣà àti èyí tí kò tíì ṣà. “Káyọ̀dé tí mo fi ọdún márùn-ún gbé pọ̀n kí Délé tó dáyé. Ó kúnlẹ̀ fún Délé. Kò tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Ó kúnlẹ̀ bí ìyàwó! Bá mi pe Délé.”

Ọ́ńkù Délé wá láti Rosenberg lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ń ráhùn nípa sún-kẹẹrẹ ọkọ̀ lórí freeway, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, Ìyá Àgbà kò sì ní kí ó dìde. Ìwé náà ló ṣí síwájú rẹ̀ níbi tó wà nílẹ̀.

“Kí nìyí?”

“Háà. Màmá, àṣà ilé-ìwé ni o.”

“Ṣé ilé-ìwé ló bí ọ?”

“Rárá, mà.”

“Nígbà tí wọ́n ní kí o so nǹkan mọ́ ọn lọ́rùn, o kò lè sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n mi nìyí? Pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, Délé, kò lè ní àkísà bí àgbà!”

Ọ́ńkù Délé gbé orí sókè, ó la ẹnu rẹ̀. Dádì, tó jókòó lórí àpótí jíjókòó kékeré nítorí pé wọ́n ti gba àga rẹ̀, wò ó. Ìwò yẹn kò gùn; kò tó ìgbà tí a fi ń mí lẹ́ẹ̀kan. Ọ́ńkù Délé pa ẹnu rẹ̀ dé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, n kò sì mọ ohun tí mo rí, ṣùgbọ́n mo rí i. “Màmá, ó ti pẹ́,” ni Dádì wí. “Ẹ jẹ́ á jẹun.” Ìyá Àgbà kò jẹ́ kí a jẹun. Ó dájọ́ lójú ẹsẹ̀: gbọ̀ngàn tí Káyọ̀dé ti kúnlẹ̀ fún Délé, ibẹ̀ gan-an ni Délé yóò ti dọ̀bálẹ̀ fún Káyọ̀dé, lójú gbogbo àwọn tó ni ilé-ìwé. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sílé, nítorí pé bí òun bá kú láìtún un ṣe, kí ni òun yóò sọ fún bàbá wọn?

Ọ̀rọ̀ náà le fún Ọ́ńkù Délé ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé òun ni wọ́n yàn láti sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́jáde lọ́dún náà. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ náà sí ojú ewé mẹ́fà, ó ti rán kóòtù. Ó fẹ́ dúnàá dúrà. Ó ní òun yóò ṣe é nílé wa, lórí kápẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi fídíò ká a. Ìyá Àgbà ní, “Ṣé orí kápẹ́ẹ̀tì ni Káyọ̀dé ti kúnlẹ̀?” Ó ní òun yóò ṣe é nínú gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n nígbà tí èrò bá ti túká. Ìyá Àgbà ní, “Àwòrán yẹn, ṣé nígbà tí èrò túká ni wọ́n yà á?” Mọ́mì ní tirẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́. Bí Ọ́ńkù Délé bá ti wọlé báyìí, Mọ́mì a ní, “Akọ̀wé, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá? Ìdọ̀bálẹ̀ inú gáùn kò rọrùn o, ó ń fa ènìyàn lẹ́sẹ̀.” Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ló kù fún un: bí Dádì kò bá lọ, kò sí ẹni tí yóò dọ̀bálẹ̀ fún. Dádì sì ti sọ pé òun kò ní lọ. Ìdí nìyẹn tí Ọ́ńkù Délé fi wá kí wa ní àárọ̀ Sátidé náà pẹ̀lú ẹ̀rín, tó ń sọ pé, “Bùọ̀dá mi, ẹ sinmi, ẹ sinmi, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti rẹ̀ yín,” tí ojú rẹ̀ ń dán bí ti ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ ní kóòtù.

Nígbà náà ni Ìyá Àgbà dìde, ó wọ yàrá. Ìgbà tí yóò fi jáde, sùtánà funfun tí ó ń wọ̀ lọ sí ìjọ Aládùúrà ló wà lọ́rùn rẹ̀, ó di àmùrè aláwọ̀ sánmà mọ́ ọn nídìí, ó dé fìlà rẹ̀, kò sì wọ bàtà, nítorí pé ìjọ wọn kì í fi bàtà sí i.

“Màmá,” ni Ọ́ńkù Délé wí, ẹ̀rín rẹ̀ ti ń gbẹ, “ibi tí à ń lọ kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì o.”

“Ìwọ lo sọ pé gáùn ni gbogbo wọn ń wọ̀. Èmi náà ní gáùn.” Ó yíjú sí Dádì. “Káyọ̀dé, mò ń lọ. Bí o bá fẹ́ kí ìyá rẹ dá wà láàárín àwọn òyìnbó, máa ka ìwé ìròyìn rẹ.”

Dádì wo aago sítóòfù, ó yọ ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ó káwé ìròyìn, ó wọ ilé ìwẹ̀.

Nígbà tí àwa márààrún débẹ̀, pápá kọ́lẹ́jì náà kún fún àgọ́ funfun, àwọn igi ńlá sì ta ẹ̀ka wọn bo àwọn àga. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni àwọn sẹ́ẹ̀tì tò sí, olúkúlùkù pẹ̀lú gáùn àti àsíá. Obìnrin òyìnbó kan, tó fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ àlùkò kọ́ ọrùn, tó di ìwé àti fèrè mú, ló ń tò wọ́n. Ọ́ńkù Délé wà níwájú níbi tí ó ti ń bọ àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Dádì wà lẹ́yìn, ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró bí ọmọ tó pẹ́ dé kíláàsì. Ìyá Àgbà wo Délé níwájú, ó wo Káyọ̀dé lẹ́yìn, ó mú mi lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ obìnrin náà.

“Sọ fún un pé ìtò yìí kò dára. Sọ fún un pé àgbà ló yẹ kó ṣáájú.”

Mo sọ ọ́ ní èdè òyìnbó gẹ́lẹ́ bí ó ṣe sọ ọ́: pé ìyá mi àgbà ní àgbà ló yẹ kó ṣáájú. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìdílé wa láti ìgbà náà. N kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, n kò sì yọ ọ̀kan kúrò. Inú obìnrin náà dùn. Ó ní òfin àwọn gan-an nìyẹn. Ó wo irun funfun lábẹ́ fìlà, ó wo gáùn, ó wo àmùrè, ó fa Ìyá Àgbà lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó mú un kọjá gbogbo sẹ́ẹ̀tì, títí dé iwájú pátápátá, sáàárín àwọn tó pẹ́ jù lọ láyé nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde kọ́lẹ́jì náà. Ìyá Àgbà gbà pé òun ti jàre ẹjọ́. Bí wọ́n bá fi ìyá síwájú ọmọ méjèèjì, ta ni yóò tún máa jiyàn nípa ọmọ?

Ẹni mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù nínú sẹ́ẹ̀tì náà: bàbá kan lórí kẹ̀kẹ́ arọ, bàbá kejì tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, àti ìyá arúgbó kan tó di ọ̀pá mú. Kò sí èyí tó lè gbé àsíá nínú wọn. Ìyá Àgbà, tó ti ń pọn omi láti kékeré tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì le bí odó, gba òpó àsíá náà, ó gbé e sókè bí ọ̀pá àwọn aṣáájú ìjọ rẹ̀, ó dá orin. Ẹgbẹ́ afùnpè tí ń fun tiwọn bọ̀ dàrú díẹ̀, lẹ́yìn náà ni onílù wọn gbà fún un. Ìyá arúgbó náà wo ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà, ó sọ nǹkan kan fún ẹni tí ń tì kẹ̀kẹ́, ó sì bọ́ bàtà tirẹ̀ pẹ̀lú. Báyìí ni wọ́n ṣe kọjá lórí koríko, láìwọ bàtà, níwájú gbogbo ènìyàn. Nígbà tí wọ́n yí pápá ká tí wọ́n dé ọ̀kánkán Ọ́ńkù Délé, ó fi ojú ewé mẹ́fà bo ojú. Mo wẹ̀yìn wo Dádì: ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. N kò tíì rí Dádì kí ó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nínú gbọ̀ngàn, ìlà iwájú ni wọ́n fi Ìyá Àgbà sí. Ọ̀gá kọ́lẹ́jì sọ̀ kalẹ̀ wá kí i káàbọ̀ padà sílé. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀gá náà sì dúró jẹ́ẹ́, ó di ojú. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó gùn tó sì jọra, wọ́n pe Ọ́ńkù Délé. Ó ka ojú ewé kìíní dáadáa. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́, ó ṣe àwàdà kan nípa oúnjẹ ilé ìjẹun, gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Ibi tó ti ń gbádùn ẹ̀rín náà ni ó ti wo ìlà iwájú. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn na ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀, ó fi tọ́ka sí ilẹ̀.

Ọ́ńkù Délé bẹ̀rẹ̀ ojú ewé kejì. Ó ka ìlà kan, ó tún un kà. Ó wo ìka náà. Ó ká ìwé rẹ̀ sí méjì, ó tì í sápò, ó sọ sínú máíkì pé ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n dúró de òun, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gba àárín gbọ̀ngàn lọ sẹ́yìn, gáùn rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, gbogbo orí ń yí tẹ̀lé e, títí ó fi dé ìlà tí Dádì wà. Dádì ti dìde. Ó ń sọ pé, “Délé, má ṣe é. Délé, o mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.”

“Mo mọ̀, Bùọ̀dá mi,” ni Ọ́ńkù Délé wí, ó sì na gbọọrọ sórí ilẹ̀, àyà, ikùn, iwájú orí, gbogbo rẹ̀.

Ẹnì kan kígbe. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n wá dókítà, ó sì jẹ́ pé dókítà mẹ́rin ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé irú kọ́lẹ́jì bẹ́ẹ̀ ni. Ọkùnrin kan ń fi ìwé ètò fẹ́ Ọ́ńkù Délé lórí, obìnrin kan ń tú táì rẹ̀, òun sì ń gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀ lọ. Mọ́mì gun orí àga, ó pariwo ní èdè òyìnbó pé, “Kò ṣe é ní nǹkan kan! Ẹ fi í sílẹ̀! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń kí!” Bàbá tí kò gbọ́ràn, tó wà níwájú, tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá, ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, gbogbo gbọ̀ngàn sì dìde tẹ̀lé e. Nínú ariwo náà ni Dádì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ẹnu sún mọ́ etí àbúrò rẹ̀, ó sọ nǹkan kan, ó fà á dìde. Ojú Ọ́ńkù Délé ti rin, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà gbé ìka rẹ̀ padà. “Ó parí,” ni ó wí fún mi. “Níbo ni ìyá rẹ gbé kúlà oúnjẹ sí?”

Láti ọdún náà ni kọ́lẹ́jì ti ń fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí Ìyá Àgbà ní àdírẹ́sì wa ní Fondren, gẹ́gẹ́ bí ọmọ sẹ́ẹ̀tì tó pẹ́ jù lọ. Wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tó padà sílé, wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tó lọ bá bàbá wọn. Dádì kò jẹ́ kí a kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Láti ọdún náà pẹ̀lú, òun fúnra rẹ̀ kò pa ìpàdé jẹ mọ́. Lẹ́yìn ni ó ń rìn, ó sì ń rìn bí ẹni tí ìtò náà tẹ́ lọ́rùn. Mo ti rò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ìtìjú ló ń lé e tẹ́lẹ̀, pé ìdọ̀bálẹ̀ náà ló wẹ̀ ẹ́ nù. Mo rò ó bẹ́ẹ̀ títí di ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ará kọ́lẹ́jì náà ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa àṣà ríbọ́nù ní ìpàdé wọn. Iṣẹ́ mi ni láti yẹ ìwé wò kí n tó la ẹnu, nítorí náà mo lọ sí yàrá tí wọ́n kó ìwé àtijọ́ wọn sí. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé kì í ṣe ilé-ìwé ló ń yan akẹ́kọ̀ọ́ àgbà fún àwọn tuntun, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kì í sì í yan ara wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun fúnra rẹ̀ ló ń kọ orúkọ ẹni tó bá wù ú sórí káàdì kékeré kan.

Mo rí káàdì Dádì. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ni, n kò lè ṣì í mọ̀. Ó ti kọ́kọ́ kọ orúkọ kan, ó sì fi yíǹkì pa á rẹ́ dáadáa, ìlà lórí ìlà, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún kà á. Lábẹ́ rẹ̀ ni ó kọ “Délé”, ó sì fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ fún un nílé. Ó ti gba àga onítìmùtìmù rẹ̀ padà; ó wo káàdì náà títí, ó wò mí lókè awò ojú rẹ̀, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, abẹ́ àpótí ta lo tún lọ tú?” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wakọ̀ lọ sí Rosenberg. Ọ́ńkù Délé, tó ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé Dádì ló yan òun, tó jẹ́ kí ìyá rẹ̀ bú òun, tó sì na gbọọrọ nílẹ̀ láàárín dókítà mẹ́rin láìsọ gbólóhùn kan tí ì bá gbà á sílẹ̀, ní kí n lọ béèrè lọ́wọ́ Bùọ̀dá òun.

N kò mọ orúkọ tí bàbá mi kọ́kọ́ kọ sórí káàdì náà. N kò mọ ìdí tí ó fi pa á rẹ́ tó fi ti àbúrò rẹ̀ rọ́pò. N kò sì mọ ohun tí ó sọ sí i létí kí ó tó fà á dìde.